Ohun Tí Ọmọ Ń Kọ́ Lọ́wọ́ Wa

Ọpẹ́ àti ẹyìn ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ọmọ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé ayé, tí ó sì tún fi wọ́n ṣe ìdánwò fún òbí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn lójú ọ̀nà títọ́ títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun lórí àwọn ọmọ wa. Àgbàfipamọ́ ni wọ́n lọ́wọ́ wa. A ó sì bi wá léèrè nípa wọn lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Nǹkan mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò lónìí.

Àkọ́kọ́: ojú ni ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó fi etí kọ́ ọ. Ní ọdún 1961, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Albert Bandura, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò pẹ̀lú ọmọ kékeré 72. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan wo àgbàlagbà tí ń fi òòlù lu ọmọláńgidi ńlá, tí ó sì ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Àwọn kan wo àgbàlagbà tí ó ṣeré tirẹ̀ jẹ́ẹ́. Àwọn yòókù kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ sí ibi tí àgbàlagbà náà kò sí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó rí ìlù náà ṣe bí wọ́n ti rí i, títí kan ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n ṣe é.

Bàbá tí ń bú ìyá ọmọ níṣojú ọmọ ti ń kọ́ ọmọ. Ìyá tí ó ní kí ọmọ sọ fún àlejò pé òun kò sí nílé ti kọ́ ọ ní irọ́. Obìnrin kan pe ọmọ rẹ̀ pé kí ó wá gba nǹkan. Ànábì wa bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fún un. Ó ní dàbínù ni. Ànábì sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé bí kò bá fún un ní nǹkan kan ni, irọ́ ni wọn ìbá kọ sílẹ̀ dè é.

Èkejì: ọmọ nílò ìfàmọ́ra. Al-Aqra ọmọ Hábíìsì rí Ànábì tí ó fi ẹnu ko Hasan, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ní òun bí ọmọ mẹ́wàá, òun kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀kankan rí. Ànábì wò ó, ó sì fi yé e pé aláìláàánú kò ní rí àánú gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa bàbá ni ó rò pé bí a bá fa ọmọ mọ́ra, kò ní bẹ̀rù wa mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìbẹ̀rù nìkan bá so mọ́ wa yóò máa fi àṣìṣe rẹ̀ pa mọ́. Èyí tí a fà mọ́ra ni yóò mú ìṣòro rẹ̀ wá bá wa. Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé.

Ẹ̀kẹta: ìgbàgbé kì í ṣe oríkunkun. Ọmọ há súrà sórí lánàá ní ilé kéwú, ó gbàgbé lónìí, pàṣán sì sọ̀ kalẹ̀. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1885 lórí àyẹ̀wò tí ó fi ara rẹ̀ ṣe. Ó rí i pé kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ohun tí a há sórí fi ń lọ, àti pé àtúnkà tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ dára ju èyí tí a kì mọ́ ìjókòó kan ṣoṣo. Ànábì wa sì ti fi ẹni tí ó há Kùránì sórí wé ẹni tí ó so ràkúnmí mọ́lẹ̀: bí kò bá mójú tó o, yóò lọ. Àtúnkà ni okùn ràkúnmí náà, kì í ṣe pàṣán. Anas ọmọ Málíìkì sin Ànábì fún ọdún 10 láti kékeré, ó sì jẹ́rìí pé kò pòṣé sí òun rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àáfà wa, ẹ jẹ́ kí á máa bá ọmọ tún ìwọ̀nba díẹ̀ kà lẹ́yìn ìrun Àsùbáà àti lálẹ́. Kí á mú àdéhùn tí a bá bá wọn ṣe ṣẹ. Bí inú bá sì ń bí wa, kí á dákẹ́ ná, kí á rántí pé ojú ọmọ wà lára wa.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtutù ojú fún wa, kí Ó sì ṣe wá ní àwòkọ́ṣe rere fún wọn. Àámín.