Blẹ́ńdà Olówó Ńlá: Ohun Tí A Ó Bèèrè Kí A Tó Sanwó

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí blẹ́ńdà. Ó ti tó ẹni mẹ́rin nínú wa tó gba àjọ tó wá bá mi ní ìsọ̀ pé, "Ìyá Ẹlẹ́gùúsí, èwo ni kí n rà?" Blẹ́ńdà gidi ni wọ́n ń wí, èyí tó lówó lórí, kì í ṣe èyí tí à ń rà fún ọmọ tó ń lọ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni àjọ kàn mí. Mo ní n ó ra blẹ́ńdà tí n ó máa fi lọ ẹ̀gúsí fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lọ́jà, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, ata á ṣì bá ẹ̀gúsí jáde. Owó ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo bi èyí, mo bi tọ̀hún. Ẹnì kan ní ti Jámánì ló dáa, ẹlòmíràn ní irọ́ ni, àbúrò mi ní kí n dúró de tuntun tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bèèrè. Ìgbà tó di oṣù kẹfà, náírà já wálẹ̀, èyí tí mo ti ná tẹ́lẹ̀ wá kọjá agbára mi. Ìbínú ni mo fi lọ ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ní ìdajì owó. A kì í bọ iná báyìí, ó ké bí ọmọ ewúrẹ́, èéfín yọ, ó parí. Owó àjọ ọdún kan gbáko!

Ohun tó pa á kò ju pé n kò dojú rẹ̀ dé kí n ka ìdí rẹ̀ lọ. 120V ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iná Amẹ́ríkà nìyẹn. Iná tiwa, iná NEPA bí a ṣe ń pè é títí dòní, 230V ni. Bí ọmọ yín bá wà l'Amẹ́ríkà tó fẹ́ rà á ránṣẹ́, ẹ ní kó wá èyí tí wọ́n kọ 220-240V àti 50Hz sí. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà, iná wa àti tiwọn dọ́gba, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni pulọ́ọ̀gì wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo W. W ni agbára tí yóò máa jẹ. Ojúlówó blẹ́ńdà olówó ńlá máa ń wà láàárín 1,000W sí 1,500W, tí ilé lásán sì lè jẹ́ 300W tàbí 500W. Àmọ́ ẹ ó rí òmíràn tí wọ́n kọ 5,000W tàbí 8,000W sí lára, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí tíṣà ṣe kọ́ wa ní Pámárì Fọ́ọ̀. Fíúsì tó pọ̀ jù tó ń wà nínú pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa, 13 ni. 13 lọ́nà 230 jẹ́ 2,990. Ibo wá ni 8,000 ti fẹ́ gba wọlé? Irọ́ gbuu ni. Ẹni tó bá fi ìyẹn purọ́, kí ni kò ní fi purọ́?

Kí ni ẹ sì ní tí yóò gbé e? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé 1,000W. Blẹ́ńdà 1,500W máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra, ẹ wá jẹnẹrétọ̀ tó tó 2.5kVA sókè. Bí kékeré yẹn nìkan lẹ ní ní ìsọ̀, ẹ má ra ńlá, àfi bí ilé lẹ ó ti máa lò ó.

Ọ̀rọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ lọ̀ ló tún kù. Ẹ̀yin alákàrà tí ẹ ń dín ẹ̀wà garawa méjì lójúmọ́, ẹ má dá ara yín láàmú, ẹ̀rọ ọjà ni tiyín, kò sí blẹ́ńdà tó lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mọ́ínmọ́ín díẹ̀ fún àwọn oníbàárà ọ́fíìsì, èyí tó lágbára dáa, torí omi díẹ̀ ló ń fẹ́ kó tó lọ̀ ọ́ kúnná. Èyí tí kò lágbára á ní kí ẹ máa da omi sí i ṣáá, mọ́ínmọ́ín á sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ẹlẹ́gùúsí bíi tèmi, ẹ rí i pé kọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń lọ nǹkan gbígbẹ wà pẹ̀lú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ń lọ ẹ̀gúsí, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa yí lọ láìdúró, ẹ̀gúsí á yọ òróró, á dì mọ́ abẹ. Ápọ̀n tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọ̀ rẹ̀, bọ́tìnì mẹ́wàá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní abẹ àti róbà eléyín tó wà lábẹ́ jọ́ọ̀gì lọ́tọ̀, torí róbà yẹn ló ń kọ́kọ́ jẹ. Bí kò bá ní, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ ní kó fi iná dán an wò lójú yín. Bí èyí bá ti pé, ẹ sanwó lọ́jọ́ náà, ẹ má tún padà sílé lọ bi àbúrò kankan.

Ọ̀rọ̀ kan fún ìlò rẹ̀: ẹ má da ọbẹ̀ gbígbóná sínú rẹ̀ kí ẹ dé e pa, ooru á ti ọmọrí rẹ̀ sókè, á sì bó yín lójú. Bó bá sì dédé kú lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má tíì pariwo pé ó ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó ńlá ní ohun kan nínú tó ń pa á bó bá gbóná jù. Ẹ yọ ọ́ nínú iná, kó sinmi kó tutù, lẹ́yìn náà kí ẹ tó tún tàn án.

Mo padà ra òmíràn ní ọdún 2024, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá sí ìsọ̀ mi láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, kó mú ẹ̀gúsí tirẹ̀ dání.