Fóònù Tó Bá Ọwọ́ Àgbà Mu

Ní Pọ́bẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, fóònù ti dé ọwọ́ bàbá àti ìyá àgbà. Òun ni wọ́n fi ń pe ọmọ ní Àjàṣẹ́, òun ni wọ́n fi ń gba owó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà ló ń ráhùn pé fóònù kì í gbọ́ tiwọn. Ẹ̀bi wọn kọ́. Àwọn tó ṣe fóònù ni kò ro ti ọwọ́ àgbà.

Ẹ wo fóònù olójú gíláàsì. Iná díẹ̀ wà lójú rẹ̀. Bí ìka bá kàn án, ara wa á fa díẹ̀ nínú iná náà, ibẹ̀ ni fóònù ti ń mọ ibi tí a tẹ̀. Ọwọ́ tó ti di ọkọ́ mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ti ṣa ẹyìn, tó ti fún epo, á yi, á sì gbẹ. Fóònù kì í tètè mọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Àgbà á wá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, fóònù á sì ṣí ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Bí ọwọ́ bá tún ń gbọ̀n, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan á di ẹ̀ẹ̀mejì.

Àtúnṣe wà. Nínú fóònù Android, ẹ ṣí «Paramètres», kí ẹ wá «Accessibilité». Níbẹ̀ ni ẹ ti lè mú kí fóònù ní sùúrù díẹ̀ sí i fún ọwọ́ tó ń pẹ́. Ẹ sọ lẹ́tà àti àmì di ńlá pẹ̀lú. Láti ọdún 1954 ni Paul Fitts ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ohun tó bá tóbi, tó sì sún mọ́ni, lọwọ́ ń tètè bà.

Ti fóònù oníbọ́tìnì rọrùn jù. Kókó kékeré kan wà lórí 5: ìka á mọ̀ ọ́n láìwò, 2 wà lókè rẹ̀, 8 wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní òǹkà mẹ́jọ, ó ti di òǹkà mẹ́wàá, 01 ló ṣíwájú. Títẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ẹ bá àgbà tọ́jú nọ́ńbà àwọn ọmọ sínú fóònù.

Lórí WhatsApp, kò pọn dandan láti kọ ohunkóhun. Ẹ tẹ àmì gbohùngbohùn mọ́lẹ̀, ẹ fà á sókè, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò: á máa gba ohùn lọ. Èdè Ànàgó ni o, ti Ọ̀họ̀rí ni o, bó bá ṣe wu àgbà ni kó sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ra fóònù fún òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ tún un ṣe kó bá ọwọ́ wọn mu kí ẹ tó padà sí ìlú ńlá.