Kọ̀ǹpútà Àgbéletan tó Dákú: Ìlànà Ìmúsọjí Lẹ́yìn tí Ìsọdọ̀tun Fámúwíà Bá Forí Ṣánpọ́n

1.0 Ìfáárà

Kọ̀ǹpútà àgbéletan ti di àpótí ìṣúra fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ń gbé. Inú rẹ̀ náà ni ohùn àwọn àgbà tí wọ́n ki oríkì ìlú, tí wọ́n sun rárà, tàbí tí wọ́n pìtàn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣe ìwádìí wà. Nígbà mìíràn, àgbà tó ni ohùn náà ti papò dà, tó fi jẹ́ pé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí ọkàn oníṣẹ́ fi máa ń pòrúurùu bí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, pàápàá bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìsọdọ̀tun tó yẹ kó ṣe ẹ̀rọ náà lóore.

Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, gbólóhùn tó sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé kọ̀ǹpútà náà "ti kú". Gbólóhùn yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ìdákú àti ikú: ẹni tó dákú ni wọ́n ń da omi sí lára, òkú ni wọ́n ń sin. Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí ìsọdọ̀tun fámúwíà rẹ̀ forí ṣánpọ́n sábà máa ń dákú ni, kì í ṣe pé ó kú, àti pé iṣẹ́ tí ènìyàn kó pamọ́ sínú rẹ̀ kò sí lára ohun tó bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi ìkánjú ṣe ohun tí yóò pa iṣẹ́ náà run.

2.0 Ohun tí Fámúwíà Jẹ́

Fámúwíà ni àkójọpọ̀ àṣẹ tó wà nínú ṣíípù kékeré kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà. Òun ló ń kọ́kọ́ jí nígbà tí ènìyàn bá tan ẹ̀rọ. Ó ń yẹ kíbọ́ọ̀dù, ojú kọ̀ǹpútà àti ibi ìrántí wò bóyá wọ́n wà ní àlàáfíà. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá háàdì dísìkì lọ, tí yóò sì fa iṣẹ́ lé Windows tàbí Linux lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí onítọ̀hún kò bá dé, ìwé lè kún inú kíláàsì, olùkọ́ lè ti dúró sẹ́nu géètì, ẹ̀kọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe àwọn ìwé tó wà nínú ilé.

Gary Kildall, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ lo orúkọ BIOS fún irú àṣẹ báyìí nínú ètò CP/M rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní ọdún 1981, inú ṣíípù tí kò ṣe é tún kọ ni BIOS wà. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ àṣẹ náà ní láti pààrọ̀ ṣíípù. Ní ọdún 1984 ni Fujio Masuoka, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Toshiba ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù, fi irú ìrántí tuntun kan han ayé, èyí tí iná mànàmáná lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n sì tún un kọ. Nígbà tí irú ìrántí yìí di ilé BIOS láàrin àwọn ọdún 1990, ìsọdọ̀tun di ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe é tún kọ ṣe é bàjẹ́ pẹ̀lú. Láti ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ UEFI Forum ti ń bójú tó ìlànà UEFI tó gba ipò BIOS lórí kọ̀ǹpútà òde òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àtijọ́ kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn.

3.0 Ohun tí ń Fa Ìjákulẹ̀

Nígbà ìsọdọ̀tun, ẹ̀rọ ní láti pa àṣẹ àtijọ́ rẹ́ kó tó kọ tuntun sí ipò rẹ̀. Àárín ìparẹ́ àti ìkọ̀wé yìí ni ewu wà. Bí iná bá lọ tí bátìrì kò sì lágbára, àṣẹ yóò dúró ní ìlàjì. Bí fáìlì tí wọ́n gbà sílẹ̀ bá jẹ́ ti irú kọ̀ǹpútà mìíràn, tàbí tó jẹ́ pé kò pé, àṣẹ tí kò bá ẹ̀rọ náà mu ni yóò wọ inú ṣíípù. Àìnísùúrù náà wà níbẹ̀: ojú kọ̀ǹpútà lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀rọ sì lè pa ara rẹ̀ kó tún tan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti há, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ láàrin ìjákulẹ̀ báyìí àti ìkọlù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1999, fáírọ́ọ̀sì CIH, tí Chen Ing-hau, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Taiwan, ṣẹ̀dá, ṣọṣẹ́ lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 95 àti Windows 98. Ó kọ òdo bo ìbẹ̀rẹ̀ háàdì dísìkì, ó sì gbìyànjú láti ba ohun tó wà nínú ṣíípù BIOS jẹ́. CIH kọlu ibi méjèèjì. Ìsọdọ̀tun fámúwíà tó forí ṣánpọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: ṣíípù ló ń kọ, kì í kọ nǹkan kan sórí àwọn fáìlì inú háàdì dísìkì.

4.0 Àyẹ̀wò Ṣáájú Ìtọ́jú

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni sùúrù. Ó dára kí ẹ̀rọ wà lórí ṣájà fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yọ ṣájà, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 30 kí iná tó kù sínú rẹ̀ lè gbẹ, kí wọ́n sì tún un tàn.

Bí iná kékeré ara rẹ̀ bá tàn, tí fáànù ń yí, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú tí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò sì jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fámúwíà ló ní ìṣòro. Bí àmì ilé-iṣẹ́ bá jáde, tó wá jẹ́ pé Windows ni kò wọlé, fámúwíà ti jí, ibòmíràn ni kí wọ́n wá àrùn náà lọ. Bí kò bá sí iná kankan rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ṣájà àti bátìrì wò.

5.0 Ìlànà Ìmúsọjí

5.1 Ọ̀nà tí Ilé-iṣẹ́ Ṣe Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní ní apá kékeré kan nínú ṣíípù tí ìsọdọ̀tun kì í fọwọ́ kàn. Apá yìí ló ń mú fámúwíà bọ̀ sípò bí ìyókù bá bàjẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àgbéletan HP, ẹ̀rọ yóò wà ní pípa, ṣájà yóò wà lára rẹ̀. Oníṣẹ́ yóò tẹ bọ́tìnnì Windows àti B mọ́lẹ̀ pọ̀, yóò sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 tàbí 3. Yóò fi ti ìtanná sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fi méjì yòókù sílẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi dún tàbí tí ojú rẹ̀ yóò fi tàn. Lórí ọ̀pọ̀ ti Dell, wọn yóò yọ ṣájà kúrò, wọn yóò tẹ Ctrl àti Esc mọ́lẹ̀, wọn yóò sì ki ṣájà bọ̀ ọ́ padà láìfi ọwọ́ kúrò, títí ojú ìwé ìmúbọ̀sípò yóò fi jáde.

Bí ẹ̀rọ kò bá rí ẹ̀dà kankan nínú ara rẹ̀, fúláàṣì ni yóò ràn án lọ́wọ́. Wọn yóò wá kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà ní àlàáfíà, wọn yóò gba fámúwíà tó bá orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà mu gẹ́lẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọn yóò sì fi í sórí fúláàṣì tí wọ́n ti tò ní ìlànà FAT32. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tó ń fún fáìlì náà. Lọ́dọ̀ Dell, BIOS_IMG.rcv ni. Bí orúkọ náà bá yàtọ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ kò ní dá a mọ̀.

5.2 Kíkọ Ṣíípù Ní Tààrà

Bí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá kùnà, iṣẹ́ di ti ọ̀jáfáfá tó ní ohun èèlò ìkọ̀wé sórí ṣíípù, bí irú èyí tó ń jẹ́ CH341A. Ṣíípù náà sábà máa ń ní ẹsẹ̀ 8. Wọn yóò yọ ṣájà àti bátìrì, wọn yóò sì wo orúkọ ara ṣíípù, nítorí pé iná fóòtì 3.3 ni àwọn kan ń gbà, 1.8 sì ni ti àwọn mìíràn. Iná tó bá pọ̀ jù lè mú kí ìdákú di ikú gan-an.

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í kọ nǹkan kan kó tó kà. Yóò ka ohun tó wà nínú ṣíípù lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi ẹ̀dà méjèèjì wéra, yóò sì tọ́jú rẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ wà nínú ohun tó kà yìí, ìwé àṣẹ Windows náà sì lè wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kàn da fámúwíà ẹ̀rọ mìíràn lé e, ẹ̀rọ lè jí tán kó má mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

6.0 Ààbò Iṣẹ́ Inú Ẹ̀rọ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan akẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àfi kí òun nu háàdì dísìkì kí òun tó lè tún irú ẹ̀rọ yìí ṣe, kí olóhun gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà, nítorí pé nínu háàdì dísìkì kò wo fámúwíà sàn. Lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, háàdì dísìkì ṣe é yọ, kí wọ́n sì fi wáyà tó yẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn láti da iṣẹ́ inú rẹ̀ kọ. Àwọn kan wà tí wọ́n jó ìpamọ́ wọn mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù. Irú wọn ní láti jí ná kí iṣẹ́ inú wọn tó ṣe é rí.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù. Bí BitLocker bá ti ti háàdì dísìkì, ẹ̀rọ tí fámúwíà rẹ̀ yí padà lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 kó tó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ yìí lè rí ẹ̀rọ rẹ̀ tó jí, kó má sì rí iṣẹ́ rẹ̀.

7.0 Ìdènà

Ní ilẹ̀ tí iná ẹ̀lẹ́tíríkì ti ń ṣẹ́jú, bátìrì tó kún pẹ̀lú ṣájà lára ni odi àkọ́kọ́. Bátìrì tí kò lè gbé ẹ̀rọ fún ìdajì wákàtí mọ́ kò yẹ fún irú iṣẹ́ yìí. Kí olóhun da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sí ibòmíràn kó tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker sínú ìwé, kó dá BitLocker dúró fúngbà díẹ̀, kó sì rí i dájú pé fáìlì náà bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu. Lẹ́yìn tó bá ti tẹ bọ́tìnnì tán, kó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ibùgbé ọ̀tọ̀ ni ti fámúwíà, ọ̀tọ̀ sì ni ti iṣẹ́ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú ìtọ́jú, àti pé ọ̀nà tí kò ní títú ẹ̀rọ nínú ló yẹ kó ṣáájú èyí tó ní in. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ, tẹ ìlànà kan jáde tó fi ìmúbọ̀sípò ṣe ọ̀kan lára òpó mẹ́ta ààbò fámúwíà, pẹ̀lú ìdáàbòbò àti ìṣàwárí. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti gbà pé ìjákulẹ̀ lè wáyé, wọ́n sì ti ń pèsè sílẹ̀ dè é. Ó yẹ kí ẹni tí ohùn àwọn àgbà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ náà pèsè sílẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀rọ tó dákú fún wákàtí kan ni yóò pa ohun tí ìran kan fi sílẹ̀ rẹ́.