Bí Ẹ Bá Ń Lọ Tọ́jú Ọmọ ní Ìlú Òtútù

  Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan wá sí dìspẹ́ńsárì wa kí n lè bá wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò. Bí mo ti ń tú ẹ̀rọ kúrò lápá wọn ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn ń lọ sí Chicago ní Amẹ́ríkà nínú oṣù kìn-ín-ní, pé ọmọ àwọn obìnrin fẹ́ bímọ, àwọn ni yóò sì tọ́jú ọlọ́mọ. Mo bá wọn yọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí ó mú kí n fi kálámù sílẹ̀. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ pé òtútù ibẹ̀ kò láàánú. Ṣé n óò rí èédú rà níbẹ̀, kí ìyá ọmọ àti ọmọ lè máa rí iná yá nínú yàrá?"

Ìbéèrè yìí ni ó fa ohun tí ẹ ń kà yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú òtútù, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀yin náà yóò lọ bẹ̀ wọ́n wò. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa tí a ń fi súwẹ́tà kan lé lọ ní àárọ̀, tí oòrùn yóò sì bá wa lé ìyókù tó bá di ọ̀sán.

Èmi fúnra mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Chicago ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, òtútù ní pápá ọkọ̀ òfúrufú O'Hare bọ́ sí nǹkan bí ìwọ̀n 31 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní 23 nísàlẹ̀ òdo, nítorí òṣùwọ̀n Fárẹ́nháìtì ni wọ́n ń lò. Ẹ má jẹ́ kí èyí dà yín láàmú. Kí ó lè yé yín dáadáa: ibi tí ẹ ń kó ẹran sí nínú fíríjì kí ó lè di yìnyín, nǹkan bí 18 nísàlẹ̀ òdo ni. Ẹran inú fíríjì sàn ju ẹni tó dúró níta lọ́jọ́ náà lọ. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba pa, àwọn tí ń pín lẹ́tà kò jáde, wọ́n sì ń dá iná sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin rélùwéè kí ibi tí irin ti ń yà má baà dì gbagidi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òtútù báyìí ń ṣe nínú ara. Ìwọ̀n 37 ni ooru ara ènìyàn ń wà. Nígbà tí òtútù bá dé, ara a máa ṣe bí olórí ilé tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó: yóò kọ́kọ́ bọ́ ọkàn àti ọpọlọ, yóò sì dín ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kù. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ìka, etí àti imú yóò fún pọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìka ọwọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀, etí àti ṣóńṣó imú ni òtútù máa ń kọ́kọ́ pa. Bí afẹ́fẹ́ bá tún ń fẹ́, ọ̀rọ̀ burú sí i. Ní ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo, tí afẹ́fẹ́ ń sáré tó kìlómítà 24 ní wákàtí kan, ara tí a kò bò lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ojú ń tì mí láti sọ eléyìí, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún mi ní ibùdókọ̀ kí n lè fi tẹ fóònù. Kò pẹ́ rárá. Ìka mi kọ́kọ́ ń ta mí, lẹ́yìn náà kò ta mí mọ́. Inú mi dùn, mo rò pé ọwọ́ mi ti mọ́ òtútù lára ni. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn abiyamọ lẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́wàá ó lé! Mo wọlé, mo gba ibi ẹ̀rọ omi lọ tààrà, mo ṣí omi gbígbóná, mo sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. N kò mọ̀ ọ́n ní gbígbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n rí oru tó ń yọ, ni wọ́n bá pariwo, wọ́n sì fa ọwọ́ mi jáde. Kó tó di alẹ́, ìléròrò ti bo ìka mẹ́ta. Kì í ṣe òtútù ló ṣe é, omi gbígbóná ni, nítorí ìka tí òtútù ti mú kú kò lè sọ fún olówó rẹ̀ pé òun ń jóná.

Nítorí náà, bí ìka ẹnì kan bá kú tipiri, ẹ má yá a níná, ẹ má ki í bọ omi gbígbóná, ẹ má sì fi ọwọ́ ra á. Fífi ọwọ́ ra á ni àwọn ìyá wa fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ẹran ara tó ti ń dì nínú lè ya bí ẹ bá ń ra á. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ lò, irú èyí tí ẹ fi ń wẹ ọmọ tuntun, ìwọ̀n 37 sí 39. Ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ kò kú ni kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi náà wò. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà, yóò ta ènìyàn gidigidi. Èyí kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá le bí ìda, tàbí tí ìmọ̀lára kò padà, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìwé wọn kì í sọ. Wọ́n á ní kí ẹ wò bóyá awọ ara pọ́n tàbí ó funfun. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í sábà hàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ óò rí ni pé ibẹ̀ pàwọ̀ dà bí eérú. Ẹ fi ọwọ́ kàn án, kí ẹ sì bi onítọ̀hún bóyá ó mọ̀ ọ́n lára.

Ní ti aṣọ, aṣọ mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ tí a wọ̀ lé ara wọn sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sí àárín wọn ni ó ń pa ooru mọ́. Kí èyí tó kan ara má jẹ́ aṣọ òwú, nítorí òwú a máa fa òógùn mu, á sì tutù sí ni lára. Wúùlù, ìyẹn irun àgùntàn, ni ó dára. Kí ti òde jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá. Ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀ dára ju èyí tí ìka kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀ lọ. Kí bàtà má fún, nítorí bàtà tó fún ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Gèlè kò lè rọ́pò fìlà tó bo etí. Màmá bi mí pé ṣé àwọn yóò wá wọ ṣòkòtò lọ́jọ́ orí àwọn ni? Mo ní, "Ẹ wọ̀ ọ́ sí abẹ́ ìró, Màmá, ta ni yóò tú yín wò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí èédú. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù ńlá wọ ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí irú rẹ̀ kì í ti í sábà dé. Iná mànàmáná kú ní ilé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Houston. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka òkú 246. Òtútù fúnra rẹ̀ ni ó pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ń wá ooru ni ó pa wọ́n. Àwọn kan gbé ìdáná èédú wọ inú ilé, àwọn kan tan jẹnẹrétọ̀ sí itòsí ilé, àwọn kan sì jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣíná rẹ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì. Afẹ́fẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò dà bí èéfín tí ń ta ojú. Èédú tó ti pọ́n dáadáa, tí kò rú èéfín kankan mọ́, ṣì ń tú u jáde. Bí a bá ti fà á símú, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wọ̀, yóò sì gba ipò afẹ́fẹ́ rere tí ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbé. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà oorun. Bí gbogbo ará ilé bá ń ké orí fífọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ṣe rò pé ibà ni. Ẹ jáde síta kíákíá, bí òtútù tilẹ̀ wà, kí ẹ sì pe nọ́mbà 911. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, 999 ni. Ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá ẹ̀rọ kékeré tí ń han nígbà tí afẹ́fẹ́ yìí bá wọlé wà nínú ilé wọn. Ní ilé wa níbí náà, ẹ̀yin tí ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Ọmọ tuntun kò lè gbọ̀n bí àgbàlagbà, nítorí náà ooru tètè ń tán lára rẹ̀. Ẹ tètè nù ún gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kúbùsù dì í mọ́ orí bẹẹdi, ẹ má sì fi fìlà sùn ún, nítorí ó lè bò ó nímú. Ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹ́ ẹ lé. Nínú ọkọ̀, ẹ má wọ kóòtù fùkẹ̀fùkẹ̀ fún un sábẹ́ bẹ́líìtì àga rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ so bẹ́líìtì, kí ẹ tó fi kóòtù bò ó lórí ẹsẹ̀. Kí ẹ sì bi dókítà léèrè fítámì D fún ọmọ tí ń mu ọmú, nítorí oòrùn ibẹ̀ kò lágbára nígbà òtútù, awọ ara wa sì dúdú.

Bí ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde bá wà nínú ilé, òun ni kí ẹ ṣọ́ jù. Òtútù a máa fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ onídòjé a sì há, ni eegun yóò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kí ó máa mu omi dáadáa bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́, kí ó má sì jáde láìbo ara.

Ní ti ọtí, irọ́ ni pé ó ń lé òtútù. Ó ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ ara òde sílẹ̀, ooru inú á sì máa sá jáde nígbà tí ẹni náà rò pé ara òun ń móoru. Bí ooru ara bá bọ́ sísàlẹ̀ 35, ara yóò gbọ̀n, ahọ́n yóò wúwo, ẹsẹ̀ yóò máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ti ọ̀mùtí. Bí ẹ bá rí i pé ara rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, tí oorun sì ń kùn ún, ẹ má yọ̀, ìgbà náà gan-an ni ewu dé. Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ fi kúbùsù gbígbẹ bo àyà àti orí rẹ̀, ẹ fún un ní tíì gbígbóná oníṣúgà bí ojú rẹ̀ bá dá, kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn.

Awọ ara yóò gbẹ, ètè yóò là; òrí wa dára fún un, ẹ gbé e lọ.

Màmá padà wá ní ọjọ́ Ẹtì. Òtútù a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i, nítorí náà mo kọ orúkọ àti ìwọ̀n oògùn wọn sórí ìwé, mo ní kí wọ́n gbé èyí tí yóò tó wọn títí wọn yóò fi padà, kí wọ́n fi í sínú àpò ọwọ́, kì í ṣe inú àpótí ẹrù. Mo sì kìlọ̀ pé bí yìnyín bá dí ẹnu ọ̀nà, wọn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Iṣẹ́ náà ti dá ọkàn ọ̀pọ̀ àgbàlagbà dúró. Wọ́n ní kóòtù ńkọ́, pé àwọn yóò rà á tí àwọn bá débẹ̀. Mo ní rárá, kí ọmọ wọn mú un wá pàdé wọn ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, nítorí láti ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí ni òtútù yóò ti kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀.