Ìtọ́jú Eyín Kí Ó Tó Bàjẹ́

Ẹ̀yin ará Agége, àgbẹ̀ kì í dúró kí koríko bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tó roko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni eyín. Ní ọdún 1913, Alfred Fones, oníṣègùn eyín ní ìlú Bridgeport ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn obìnrin tí yóò máa nu eyín àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ́. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1993 gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti máa forúkọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wọn a máa ha ìdọ̀tí líle tí pákò kò ká kúrò ní ìdí eyín. Bí erìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ìrora. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ. Ẹ máa fọ ẹnu lówùúrọ̀ àti kí ẹ tó sùn. Eyín àgbà tí a bá yọ kì í tún hù mọ́.