Afárá Odò Chra

Nígbà tí Jámánì ń ṣe ìjọba ní Tógò, wọ́n la ọ̀nà ojú irin láti Lomé wá sí Agbonou, lẹ́bàá Atakpamé. Ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1911. Odò Chra wà lójú ọ̀nà, nítorí náà wọ́n kọ́ afárá sórí rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ogun dé. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń bọ̀ láti Lomé. Wọ́n fẹ́ gba ilé rédíò ńlá tó wà ní Kamina. Kí ni Jámánì ṣe? Wọ́n fọ́ afárá tí àwọn fúnra wọn kọ́!

Lẹ́yìn ogun, wọ́n tún ọ̀nà náà ṣe. Faransé fà á dé Blitta ní ọdún 1934.

Lónìí, ọkọ̀ ojú irin kì í kó èrò gba ibẹ̀ mọ́. Irin tí a kò kùn ní ọ̀dà a sì máa dípẹtà. Kí ni kí a ṣe sí afárá àtijọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé kí a tú u, kí a ta irin rẹ̀? Àbí kí a tún un ṣe, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè gba orí rẹ̀? Àtúnṣe ń gba owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u, kò sí mọ́ nìyẹn.

Ìbéèrè
1. Kí nìdí tí Jámánì fi fọ́ afárá náà?
2. Bí ìwọ bá jẹ́ àgbà ìlú, kí ni o máa ṣe sí afárá àtijọ́? Sọ ìdí rẹ̀.