Amar Singh Thapa, balógun ilẹ̀ Nepal

Nepal jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà. Íńdíà wà ní gúúsù rẹ̀, Ṣáínà sì wà ní àríwá. Òkè pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Òkè Everest, tí ó ga ju gbogbo òkè ayé lọ, wà ní ààlà Nepal àti Ṣáínà. Yìnyín kì í tán lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1751, a bí ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gorkha. Orúkọ rẹ̀ ni Amar Singh. Thapa ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Nígbà náà, Nepal kò tíì di orílẹ̀-èdè kan. Ọba kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù lórí òkè tirẹ̀. Ọba Gorkha, Prithvi Narayan Shah, fẹ́ kó gbogbo wọn sábẹ́ ara rẹ̀. Bhim Singh Thapa, bàbá Amar Singh, wà lára àwọn ọmọ ogun ọba yìí. Ó kú sójú ogun ní Palanchok. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Amar Singh dàgbà, òun náà di ológun. Ní ọdún 1804, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ilẹ̀ Garhwal. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé odò Sutlej, ọ̀nà jíjìn sí Kathmandu. Wọ́n sọdá odò náà, wọ́n dó ti odi Kangra. Ọdún kan kọjá, ọdún kejì kọjá, wọn kò rí odi náà gbà. Ní ọdún 1809, Ọba Ranjit Singh ti Lahore lé wọn padà.

Ẹ má ṣe ṣì í mọ̀ o! Amar Singh Thapa méjì ló wà nígbà kan náà. Kaji ni oyè àwọn méjèèjì. Nítorí náà, àwọn ará Nepal ń pe tiwa yìí ní Bada Kaji, ìyẹn Kaji Ńlá. Wọ́n ń pe èkejì ní Sanu Kaji, Kaji Kékeré. Kaji Kékeré ni bàbá Bhimsen Thapa, ẹni tí ó di olórí ìjọba.

Kaji Ńlá bí ọmọkùnrin púpọ̀. Ranadhoj ń bá wọn gbìmọ̀ ní Kathmandu. Ranjore di ológun bíi bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1814, ìjà dé láàárín Nepal àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wà ní Íńdíà. Wọ́n ń du ilẹ̀ ní ààlà. Bhimsen fẹ́ ogun. Kaji Ńlá kò fẹ́ ẹ. Ó mọ bí agbára àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tó, ó sì sọ ọ́. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ogun tí ó ní kí wọ́n má jà, òun gan-an ni ó wá lọ jà á. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ranjore ń ṣọ́ odi Jaithak. Bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ odi Malaun, lórí òkè mìíràn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Jaithak ní oṣù Kejìlá, Ranjore sì lé wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ochterlony, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí ó dojú kọ bàbá, kò kánjú. Ó la ọ̀nà sára òkè. Ó fi erin fa ìbọn ńlá gòkè. Ẹ wo erin lórí òkè gíga!

Bàbá arúgbó kan wà pẹ̀lú Kaji Ńlá. Bhakti Thapa ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé Kaji Ńlá lọ́wọ́ kí ó tó lọ sójú ogun. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1815, ó kú ní Deuthal. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi aṣọ dáradára wé òkú rẹ̀, wọ́n sì gbé e padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Oúnjẹ ń tán ní Malaun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun sá lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1815, Kaji Ńlá gbà láti fi odi náà sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú àsíá rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀. Nínú àdéhùn kan náà, Ranjore jáde kúrò ní Jaithak.

Nepal pàdánù ilẹ̀ púpọ̀. Ní ọdún kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ Gorkha sínú ẹgbẹ́ ogun tiwọn. Wọ́n ṣì ń gbà wọ́n títí di òní.

Kaji Ńlá lọ sí Gosaikunda, adágún omi kan tí ó ga ju 4000 mítà lọ láàárín òkè. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1816.

Ẹ dáhùn:
1. Ta ni bàbá Amar Singh? Níbo ni ó kú sí?
2. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe Amar Singh ní Kaji Ńlá?
3. Kí ni erin ṣe nínú ogun yìí?
4. Kaji Ńlá kò fẹ́ ogun náà, síbẹ̀ ó lọ. Kí ni ìwọ rò sí i?